Àǹtí mi, ẹ yọ ìlú méjì kúrò nínú mẹ́rin yẹn

Àǹtí kan tó ń ta bàtà àti báàgì ní Balógun ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ohun tí wọ́n sọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ọmọ Láfíàjí ni mí, Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíìlì padà wálé, ni màmá tó bí màmá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Bràsíìlì, Bràsíìlì, mo ti wá ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́ta, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Yàtọ̀ sí Àbújá, mi ò wọ bàálù lọ ibì kankan rí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ní, mo fẹ́ dé Rio, São Paulo, Salvador, àti ibi tí omi ńlá yẹn ti ń já bọ́ látòkè. Wọ́n ní Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Salvador, nítorí náà èdè ò lè jẹ́ wàhálà. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní òun á bá mi gba fíísà tó dájú, kí n ṣáà mú owó wá. Kí lẹ rí sí i?"

Àǹtí mi, ẹ kú ìfojúsọ́nà o. Ó ti tó bí ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìnàjò nínú ọ́fíìsì kékeré kan ní Sùúrùlérè, èmi náà sì ti dé Bràsíìlì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ti ẹ́jẹ́ǹtì yẹn burú, a máa débẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín. Ìlú mẹ́rin lọ́jọ́ mẹ́wàá ló bà mí lẹ́rù.

Orílẹ̀-èdè yẹn tóbi kọjá bí ẹ ṣe rò. Ẹ mú Nàìjíríà mẹ́sàn-án, ẹ so wọ́n pọ̀, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ní Bràsíìlì kan. Tí ẹ bá wo máàpù ẹ máa ní ṣebí Rio rèé, Salvador rèé, ìka méjì péré, bíi Èkó sí Ìbàdàn, àmọ́ bàálù gan-an ń lo bíi wákàtí méjì láàrin wọn, tí ẹ bá sì ní bọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ wọ̀ kí owó lè ṣẹ́kù, ojú ọ̀nà lẹ máa sùn, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ò ní tíì dé. Omi tó ń já bọ́ yẹn, Iguaçu lorúkọ ẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà ní bọ́dà Ajẹntínà. Ó rẹwà o, mi ò ní parọ́ fún yín, bí 275 ibi ni omi ti ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ẹ̀ nìkan tó èèyàn wò. Ṣùgbọ́n apá kan ẹ̀ wà ní Bràsíìlì, èyí tó pọ̀ jù wà ní Ajẹntínà, àwọn tí ẹ jọ lọ á kàn máa rékọjá lọ ya fọ́tò lódìkejì, ẹ̀yin tí ẹ mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání máa dúró síbi tí ẹ wà, àyàfi tí ẹ bá ti gba fíísà Ajẹntínà lọ́tọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe nígbà àkọ́kọ́?

São Paulo náà, ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlú owó ni, ìlú òwò ni, ó tóbi gan-an, mo sì fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́wàá tó lọ ń lo mẹ́ta níbẹ̀ dà bí òyìnbó tó wá wo Nàìjíríà tó wá lọ ń jókòó sínú gósíló Ìkẹjà. Ẹ ṣáà máa gba ẹapọ́ọ̀tù wọn kọjá, ìyẹn ti tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mi ń gbà ni ti Addis Ababa. Èkó sí Addis, bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ dúró níbẹ̀. Addis sí São Paulo, bíi wákàtí méjìlá. Ẹ tún dúró. São Paulo sí Salvador, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìwọ̀ oòrùn ni Bràsíìlì wà sí wa, òkun kan ṣoṣo ló dá wa láàrin, ẹ̀yin á wá kọ́kọ́ wọ bàálù lọ sí ìlà oòrùn, ẹ á dé Ẹtiópíà, kó tó wá yí orí padà kó tún gba orí Áfíríkà kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀nà Doha náà wà, ìyẹn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Yúróòpù wà, ṣùgbọ́n àwọn kan níbẹ̀ á ní kí ẹ gba fíísà kí ẹ tó lè kọjá nínú ẹapọ́ọ̀tù wọn, ìyẹn wàhálà méjì lórí ìrìnàjò kan. Torí náà nínú ọjọ́ mẹ́wàá yín, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ sínú bàálù àti ẹapọ́ọ̀tù. Ó ku méje. Ẹ fún Salvador ní márùn-ún, ẹ fún Rio ní méjì. Tí ẹ bá lè rí ọjọ́ mẹ́ta sí i tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó máa bá yín jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi gbogbo ẹ̀ kún Salvador.

Kí n tó gbàgbé, São Paulo ni wọ́n ti máa lu òǹtẹ̀ sínú páspọ́ọ̀tù yín, torí ibẹ̀ lẹ ti kọ́kọ́ wọ Bràsíìlì. Ibẹ̀ náà lẹ gbọ́dọ̀ ti gbé báàgì yín, kí ẹ gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tún wá dá a padà fún àwọn bàálù kí ẹ tó lọ Salvador. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo rí i pé Salvador ni wọ́n kọ sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ báàgì mi láti Èkó, mo bá ń fì apá mi lọ bí ọmọ olówó, mo ní a jọ máa pàdé lọ́hùn-ún. Báàgì kù sí São Paulo. Ọjọ́ méjì ni mo fi wọ ṣòkòtò kan, nínú ooru.

Ó yá, ẹ́jẹ́ǹtì. Ẹ sá fún ẹni yẹn. Ẹ́jẹ́ǹtì ni èmi náà, mo mọ ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. A lè bá yín kún fọ́ọ̀mù, a lè sọ fún yín pé fọ́tò yìí ò dáa ẹ tún òmíràn yà, a lè to ìwé yín kó dùn ún wò. Ẹni tó ń fúnni ní fíísà ni kọ́ńsúlétì Bràsíìlì, wọ́n ní ọ́fíìsì níbí ní Èkó, kò sì sí ẹ́jẹ́ǹtì kankan tó ní òǹtẹ̀ wọn lápò. Ẹni tó bá ti ní "tó dájú," ẹ bi í léèrè pé ta ló fi dá a lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ tẹ ìwé báńkì tí kì í ṣe tiyín, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo kan, ọjọ́ tí wọ́n bá wá bi yín ní ìbéèrè lójú fèrèsé, ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n kọ. Orúkọ tiyín ló máa bàjẹ́, ẹ́jẹ́ǹtì á ti yí láìnì fóònù ẹ̀ padà.

Oníṣòwò ni yín, ẹ ò ní ohun kankan láti fi pamọ́. Ìwé CAC tí ẹ fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, páspọ́ọ̀tù tó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ nínú, lẹ́tà kékeré kan tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ibi tí àwọn ará ọjà ti máa ń kọsẹ̀ ni owó. Owó ọjà wà nílé, ó wà nínú dúrọ́ọ̀, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó rà láwìn, kò sí ní báńkì, ìgbà tí fíísà wá kù ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n á wá kó mílíọ̀nù márùn-ún dà sínú àkántì lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í ṣe ọmọdé, ó mọ owó tí wọ́n yá láti fi ṣe àṣehàn. Láti òní lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tí ẹ bá pa sí báńkì, díẹ̀díẹ̀, kó máa wọlé kó máa jáde bí ọjà yín ṣe ń lọ gan-an. Kí ẹ má sì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì kí fíísà tó jáde, ìwé pé ẹ ti mú ààyè sílẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbà.

Fíísà ọ̀hún, fún ìgbafẹ́ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ fi lọ wá iṣẹ́, kí ẹ "kàn dúró síbẹ̀ ná," ẹ dẹ́rìn-ín pa ara yín, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ní ti owó tí ẹ máa ná, ẹ béèrè PTA, ìyẹn dọ́là tí báńkì ń tà fún arìnrìnàjò, ní báńkì yín, òfin CBN fàyè gba 4,000 dọ́là fún ẹnì kan láàrin oṣù mẹ́ta, wọ́n á fẹ́ rí páspọ́ọ̀tù, fíísà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe dandan kí ẹ gba gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi ATM káàdì náírà nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé, mo ti rí ẹni tó dúró níwájú káṣíà tí káàdì mẹ́ta kọ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ tún lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ gba yẹ́lò káàdì tó ní orúkọ yín gangan bó ṣe wà nínú páspọ́ọ̀tù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ẹapọ́ọ̀tù. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí abẹ́rẹ́ yẹn tó ṣiṣẹ́ lára, torí náà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbà ní ọ̀la mo ń lọ.

Èdè wá ńkọ́? Ẹni tó sọ fún yín pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Salvador ti tàn yín jẹ o, bóyá òun náà ni wọ́n tàn. Potogí ni wọ́n ń sọ. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ẹapọ́ọ̀tù tí ẹ ní "ẹ káàárọ̀ o," wọ́n á kàn máa wò yín ni. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò pọ̀ lẹ́nu wọn bí ẹ ṣe rò, awakọ̀ ò gbọ́, àwọn tó ń ta nǹkan lójú ọ̀nà ò gbọ́. Ẹ kó ọ̀rọ̀ bí ogún sórí: bom dia fún ẹ káàárọ̀, quanto custa fún èló ni, banheiro fún ilé ìyàgbẹ́, àti obrigada fún ẹ ṣé, ẹ̀yin obìnrin lẹ máa ń pè é bẹ́ẹ̀ o, ọkùnrin ló ń sọ obrigado. Ẹ da èdè Potogí sórí fóònù yín nínú áàpù tó ń túmọ̀, kí ẹ dà á sílẹ̀ ní Èkó níbí kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ Balógun, ẹ máa ń bá ará China dúnàádúrà pẹ̀lú kakulétọ̀, mi ò bẹ̀rù fún yín.

Ibi tí Yorùbá wà ni inú orin, inú oúnjẹ, inú orúkọ àwọn òrìṣà, inú àdúrà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wọn ni axé, àṣẹ ni, wọ́n fi ń kí ara wọn, wọ́n fi ń dágbére, wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ di orúkọ irú orin kan. Ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó lọ.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹnìkan mú mi lọ sí terreiro, ilé òrìṣà wọn nìyẹn, mo jókòó, àwọn ìyá àgbà wọ aṣọ funfun tó gbòòrò, wọ́n gbé orin. Yorùbá ni. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mo gbọ́ èkejì, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ti yí, àmì ti ṣí kúrò níbi tó yẹ kó wà, èyí tó yẹ kó lọ sókè ti lọ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Kò dún síta o, ṣùgbọ́n ẹni tó mú mi lọ rí i. Nígbà tó ṣe mo tún sọ fún un pé báyìí kọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo ni èdè, ẹ jẹ́ n tún un ṣe. Kò bínú. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé títí di 1976 ni terreiro ní ìpínlẹ̀ Bahia, tí Salvador wà nínú ẹ̀, ṣì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lu ìlù? Pé láyé ìyá àwọn ìyá yìí, ọlọ́pàá á wọlé, wọ́n á kó ìlù, wọ́n á kó ère, wọ́n á kó èèyàn? Pé àwọn tó kọ́ wọn lórin ò rí ìwé kankan kà, ẹnu sí etí ni, láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọn kúrò lọ́dọ̀ wa? Mo wá ń rántí pé èmi tí mo ń tún èdè ṣe, ọmọ mi méjèèjì ní Sùúrùlérè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mi ò lè gbé orí sókè.

Ohun tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ nìyẹn: àlejò ni yín níbẹ̀. Wọ́n máa gbà yín bí ẹni tó ti orísun wá, ẹlòmíì á fẹ́ dì mọ́ yín, ẹlòmíì á ní kí ẹ sọ Yorùbá kí òun gbọ́, omi á lé sí i lójú. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wá sọ ara yín di onílé. Ẹ̀sìn yín ò ní kí ẹ wọ terreiro, kò sì sẹ́ni tó máa fipá mú yín. Tí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ wò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ tó sì bo ara, funfun ló dáa jù, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pọ̀, ẹ má sì yọ fóònù jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ìtàn tiyín wà nínú ìlú yẹn tí ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò ò mọ̀. Ní oṣù kìíní 1835, lóru, nínú ààwẹ̀ Ramadan, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde pẹ̀lú idà sí ìjọba ní Salvador. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìmàle ni. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ṣẹ́gun wọn, wọ́n pa púpọ̀, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi dá àwọn kan padà sí Áfíríkà. Ìwé àdúrà tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ, tí ọlọ́pàá gbà lára wọn, ṣì wà nínú ilé àkójọ ìwé ìjọba Bahia títí dòní. Lẹ́yìn ìjà yẹn ni ìjọba fúngun mọ́ àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira, ó wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ wọ ọkọ̀ padà wálé, àwọn tó sì sọ̀ sí Èkó nínú wọn ló kọ́ Pópó Àgùdà. Àwọn tí màmá àgbà yín tinú wọn jáde nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń rìn ní Pelourinho, ìlú àtijọ́ wọn, tí ẹ bá ń wo ilé alájà méjì, mẹ́ta, tí wọ́n kun ní yẹ́lò, búlúù, píǹkì, fèrèsé gígùn, irin rírẹwà lára báríkónì, ẹ máa dúró lójijì. Ẹ ti rí ilé yẹn rí. Ilé tó jọ Ìlọ́jọ̀ Bar ni, èyí tí wọ́n wó mọ́ wa lójú ní Tinúubú ní 2016. Tiwọn ṣì dúró, UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 1985. Ó máa dùn yín, ó dun èmi náà.

Ẹ gun Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn látinú ìlú òkè lọ sí ìlú ìsàlẹ̀, láti 1873 ló ti wà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Mercado Modelo wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, ọjà àwọn àlejò ni, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ọjà tí màá ní kí ẹ̀yin lọ ni São Joaquim, ó ń rùn, ó há, ó ní ẹrẹ̀, ẹ máa rò pé Òkè Arìn lẹ wà. Epo pupa wà nínú ìgò, dendê ni wọ́n ń pè é. Edé gbígbẹ wà. Obì wà, obi náà ni wọ́n ń pè é. Orógbó wà, orobô. Mo dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì láìra nǹkan kan.

Oúnjẹ ni ẹ ò ní jìyà ẹ̀. Àkàrà wà nígun títì, acarajé, ẹ̀wà náà ni, epo pupa náà ni, àwọn obìnrin tó ń tà á wọ funfun pẹ̀lú gèlè, iṣẹ́ wọn wà lára ohun àjogúnbá tí ìjọba Bràsíìlì kọ sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa là á láàrin, wọ́n á ki vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì àti edé àti àgbọn tí wọ́n lọ̀ pọ̀, wọ́n á tún fi edé lé e. Wọ́n á bi yín bóyá kó gbóná, ìyẹn ni pé ṣé kí wọ́n fata sí i. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, àwa kọ́ la máa bẹ̀rù ata. Moqueca, ọbẹ̀ ẹja elépo pupa àti omi àgbọn, ẹ jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ tí ẹ bá fẹ́. Farofa tí wọ́n máa bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yín, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, bíi gàrí tí wọ́n dín ni. Feijoada lẹ máa sá fún, ẹ̀wà dúdú ni, ó ń dán, ó ń ta sánsán, ẹlẹ́dẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Ẹ kọ́ gbólóhùn kan sórí kó dá yín lójú: sem porco, láìsí ẹlẹ́dẹ̀. Fríjọ̀n tí àwọn Àgùdà ń sè ní Gúdù Fúráídè ní Èkó, látinú feijão ni orúkọ ẹ̀ ti wá, ẹ̀wà lásán ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ilé oúnjẹ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní por quilo, ẹ máa bu ohun tí ẹ fẹ́ fúnra yín, wọ́n á gbé àwo sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n ẹ̀ lẹ máa san. Ibẹ̀ lowó ò ti ní pa yín.

Rio? Ọjọ́ méjì tó. Ère Jésù orí òkè yẹn, láti 1931 ló ti wà níbẹ̀, gíga ẹ̀ tó mítà 30 láìka ohun tó dúró lé, ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù kí kùrukùru tó bò ó. Ẹ gun òkè Sugarloaf nírọ̀lẹ́. Ẹ rìn létí òkun Copacabana, kí ẹ má kàn wọ inú omi ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń fa èèyàn. Ẹ padà lọ sùn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń yọ èèyàn lẹ́nu: sókẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe irú tiwa, ẹnu róbótó mẹ́ta ló ní, ẹ wá ádápítọ̀. Iná wọn náà, ìlú dé ìlú ló yàtọ̀ sí, Salvador àti Rio ń lo fóòtì 127, ìlú míì ń lo 220. Ṣájà fóònù ò ní nǹkan kan ṣe, ṣùgbọ́n àyọ́ọ̀nù tí ẹ bá gbé láti Èkó ò ní gbóná, ẹ fi sílẹ̀. Bébà ìnùdí, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ inú garawa ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń jù ú sí, kì í ṣe inú ṣaláńgá, tí ẹ bá jù ú síbẹ̀ tó dí, ojú á tì yín. Gbogbo wọn ń fi Pix sanwó, tiránsífà wọn nìyẹn, ẹni tó ń ta àgbọn létí òkun gan-an ń gbà á, àmọ́ ó gba kí ẹ ní àkántì níbẹ̀, torí náà ẹ máa ní owó real kéékèèké lọ́wọ́. Tí ọ̀sán bá kàn gangan ní Èkó, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù kó má pè yín ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ tirẹ̀.

Olè wà. Ẹ ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe ní abẹ́ bíríìjì Òṣòdì, fóònù nínú báàgì, báàgì níwájú, wúrà nílé ní Èkó. Àwọn kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ní Salvador á fẹ́ so ríbọ́ọ̀nù mọ́ yín lọ́wọ́, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, kò sí ọ̀fẹ́ kankan, ẹ mọ irú wọn. Àwọn àdúgbò orí òkè, ẹ má lọ síbẹ̀ láìsí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ìpadàbọ̀ yín. Ọ̀nà Bràsíìlì sí Èkó ti bàjẹ́ nítorí kokéènì. NDLEA, àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró nílé, mọ bàálù wo ló gbé èrò São Paulo wá, ọlọ́pàá Bràsíìlì náà mọ àwọn tó ń lọ Nàìjíríà. Wọ́n lè fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n lè ní kí ẹ dúró sínú ẹ̀rọ tó ń wo inú ikùn, ẹ má bínú, ẹ má pariwo, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé nǹkan. Kì í ṣe bàtà, kì í ṣe oògùn màmá ẹnìkan, kì í ṣe páálí bisikíìtì tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Ọmọ Yorùbá bíi tiyín ni ẹni tó máa bẹ̀ yín, á pè yín ní àǹtí, á sọ orúkọ àdúgbò yín ní Láfíàjí. Ẹ ní rárá, ẹ kọjá. Kí ẹ tún fúnra yín di báàgì, kí ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá sì ń lọ, ẹ má kó èlùbọ́, obì, ẹja gbígbẹ sínú ẹrù, wọ́n máa gbà á ni.

Ìgbà wo lẹ máa lọ? Láti oṣù kẹrin dé ìkeje, òjò ń rọ̀ ní Salvador. Àsìkò Carnival, owó hòtẹ́ẹ̀lì ń di ìlọ́po, ariwo náà ò sì bá yín mu. Tí ẹ bá lè débẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, ọjọ́ Iemanjá nìyẹn, Yemọja wa, àwọn èèyàn á tò lọ sétí òkun ní Rio Vermelho láti àárọ̀ kùtù pẹ̀lú òdòdó àti lọ́fínńdà, apẹja á kó o lọ sójú agbami. Ẹ lè dúró sókèèrè kí ẹ wò ó. Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà bóyá ààwẹ̀ ò bọ́ sí i.

Ohun kan kù tí ẹ ò kọ sínú lẹ́tà àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ wá ẹbí. Ẹ lọ bá àgbà tó kù nínú ilé màmá yín, kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ, orúkọ Potogí àti orúkọ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ilé bó bá ṣì dúró. Mi ò ní kí ẹ retí pé ẹnìkan á dá yín mọ̀ láàrin ọjọ́ márùn-ún, orúkọ ẹni tó rà wọ́n ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́, da Silva ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà lọ́hùn-ún tí ò bá ara wọn tan. Ẹ ṣáà mú un dání. Tí kọ́ńsúlétì bá ti fún yín lọ́jọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, màá sọ ibi tí ẹ lè dé sí ní Salvador tí kò jìnnà sí àkàrà.